Ogún Ìyá Nínú Ewé

Bí a bá gbin àgbàdo sí oko, tí òjò sì rọ̀ sí i dáradára, kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ kí èhù rẹ̀ tó yọrí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín àwọn èhù tútù wọ̀nyí, ẹyọ kan a máa yọ tí ó funfun láti ìdí dé ṣóńṣó bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Ẹni tí ó bá pè é ní àfín àgbàdo kò ṣìnà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a kò lè pè é ní aláìlera. Ó ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì na ewé bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá fi máa kọjá, ewé rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ; kò sì ní pẹ́ kí ó tó kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn kan náà ni ó ń ràn sí gbogbo wọn lórí, tí ó sì jẹ́ pé omi kan náà ni gbòǹgbò wọn ń fà mu. Ènìyàn tí a bí ní àfín lè dàgbà, kí ó gbó, kí ó tọ́, kí ó sì bí ọmọ. Àgbàdo àfín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ebi ni ó ń pa á kú.

Ebi báwo, nínú ilẹ̀ ọlọ́ràá? Oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un sínú hóró ni ó ń jẹ láti ọjọ́ tí ó ti hù. Gbogbo èhù ni ó ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ inú hóró bá tán, èhù tí ó ní àwọ̀ ewé a dá iná tirẹ̀, a sì máa se oúnjẹ fún ara rẹ̀. Èyí tí ó funfun kò ní ààrò tí yóò dá iná sí.

Ọ̀rọ̀ ààrò tí mo sọ yìí kì í ṣe àwàdà. Bí a bá gé ewé ní pẹlẹbẹ, tí a sì fi í sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, a ó rí i pé ewé náà pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá kéékèèké. Sẹ́ẹ̀lì ni a ń pe yàrá kọ̀ọ̀kan. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewé kan ṣoṣo, a lè ka àwọn ẹyọ rogodo aláwọ̀ ewé tí ó tó 20, tí ó tó 50, nígbà mìíràn tí ó tó 100. Àwọn ẹyọ wọ̀nyí ni ó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀. Chloroplast ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti há sórí bí ayékòótọ́. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, èmi yóò máa pè é ní ààrò ewé, nítorí pé ibẹ̀ ni ewé ti ń se oúnjẹ rẹ̀. Mo mọ̀ pé olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yín lè má fọwọ́ sí orúkọ náà. Ẹ kọ chloroplast fún un nínú ìdánwò tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ààrò ewé fún èmi.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni iná ààrò yìí. Omi tí gbòǹgbò fà wá láti inú ilẹ̀ ni a gbé kaná. Carbon dioxide, èyí tí í ṣe afẹ́fẹ́ tí àwa àti ẹranko ń mí síta, sì ń gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ewé wọlé wá pàdé rẹ̀. Ohun tí ó ń jáde níbẹ̀ ni ṣúgà, àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí àwa ń mí símú. Láti ara ṣúgà yìí ni ẹ̀gẹ́ ti ń ta iṣu sí ìsàlẹ̀, òun ni ọ̀pẹ ń sọ di epo, òun náà ni ìrókò fi ń di igi ńlá. Kò sí òkèlè kan tí ẹ fi kan ọbẹ̀ lónìí tí kò ti inú ààrò ewé jáde. Ẹran tí ẹ jẹ pàápàá, koríko ni ó ti jẹ.

Nísinsin yìí ni mo fẹ́ béèrè ìbéèrè tí ó mú mi kọ ẹ̀kọ́ yìí: ta ni ó ń fún igi ní ààrò rẹ̀? Ṣé baba ni, tàbí ìyá?

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ òdòdó kan tí a ń pè ní tannápoṣó. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbi tí oòrùn ti ń mú ni ó ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti di ará ilé lọ́dọ̀ wa. A ń rí i ní ẹ̀yìnkùlé àti lẹ́bàá ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń ṣíjú, nígbà tí àwọn òdòdó yòókù bá ń palẹ̀ mọ́ láti sùn. Òdòdó yìí ni ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Carl Correns, fi ṣe ìdánwò tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1909.

Correns kì í ṣe àjèjì nínú ọ̀rọ̀ àjogúnbá. Ní ọdún 1900, òun wà lára àwọn tí ó hú iṣẹ́ Gregor Mendel jáde, iṣẹ́ tí a ti tẹ̀ ní ọdún 1866 tí ayé sì ti gbàgbé. Ohun tí Mendel fi hàn ni pé baba àti ìyá jọ ń fi ogún sílẹ̀ fún ọmọ lọ́gbọọgba. Bí a bá sì pààrọ̀ wọn, kí a sọ irú ti baba di ti ìyá, èso rẹ̀ kò yàtọ̀. Correns gba èyí gbọ́, ó sì ní ìdí tí ó fi gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ní irú tannápoṣó kan lọ́wọ́ tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lórí igi kan ṣoṣo, ẹ̀ka kan a ní ewé tútù yọ̀yọ̀, ẹ̀ka kejì a funfun pátápátá, ẹ̀ka kẹta a sì ní ewé alámì, funfun níhìn-ín, tútù lọ́hùn-ún. Ẹ̀ka funfun kì í kú bí èhù àgbàdo wa ti kú, nítorí pé àwọn ẹ̀ka tútù ń bọ́ ọ, bí aláìríṣẹ́ṣe ti ń jẹun nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ń tanná tí ó ń so èso.

Correns mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó, èyí tí ń ṣe iṣẹ́ baba, láti orí ẹ̀ka tútù, ó sì fi í sí òdòdó orí ẹ̀ka funfun. Ó dúró de èso, ó gbìn ín. Gbogbo èhù tí ó yọ ni ó funfun, gbogbo wọn ni ó sì kú. Ó wá yí ìdánwò náà padà: ó mú lẹ́búlẹ́bú láti orí ẹ̀ka funfun, ó fi í sí òdòdó orí ẹ̀ka tútù. Gbogbo èhù tí ó yọ ni ó tútù, wọ́n sì dàgbà. Nígbà tí ìyá jẹ́ ẹ̀ka alámì, onírúurú ni àwọn ọmọ: àwọn kan tútù, àwọn kan funfun, àwọn kan alámì, baba ìbáà jẹ́ èyíkéyìí. Ohunkóhun tí baba jẹ́ kò tu irun kan lára ọ̀rọ̀ náà. Ìyá nìkan ni ó ń fi ààrò sílẹ̀ fún ọmọ.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ẹyin inú òdòdó ni sẹ́ẹ̀lì odindi, pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀, àwọn ààrò kéékèèké sì wà lára ẹrù náà. Lẹ́búlẹ́bú kéré, kókó sẹ́ẹ̀lì nìkan ni ó sábà máa ń gbé wọlé wá, bí ọkọ tí ó wá sí ilé àna pẹ̀lú igbá àdúrà, tí kò ru ìkòkò. Àwa Yorùbá náà mọ irú ogún báyìí. Nígbà tí olóbìnrin púpọ̀ bá kú, tí a sì pín dúkìá rẹ̀ ní ìdí-igi, orúkọ ìyá ni a fi ń mọ ìpín tí ó kan ọmọ. N kò mọ̀ bóyá ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é ní ìdí-igi ti wo igi dáradára, ṣùgbọ́n orúkọ náà bá ọ̀rọ̀ wa mu.

Kì í ṣe gbogbo igi ni ó ń tẹ̀lé àṣà yìí o. Ní ọdún 1909 kan náà, Erwin Baur, ará Jámánì mìíràn, rí i pé nínú òdòdó tí a ń pè ní pelargonium, baba àti ìyá ni ó jọ ń fún ọmọ ní ààrò. Nínú àwọn igi páìnì, baba ni ó ń fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi tí ń tanná, ogún ìyá ni.

Bí ààrò bá ní ogún tirẹ̀ lọ́tọ̀, a jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, níbi tí a kọ ogún náà sí. Ó lé ní 50 ọdún lẹ́yìn iṣẹ́ Correns kí ẹnikẹ́ni tó fi ojú rí ìwé yìí. Ní ọdún 1962, Hans Ris àti Walter Plaut fi awò alágbára wo ààrò inú ewédò kan, wọ́n sì rí fọ́nrán DNA níbẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Ruth Sager àti Masahiro Ishida yọ DNA náà jáde. DNA ni okùn tí a kọ àjogúnbá gbogbo ohun ẹlẹ́mìí sí, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin péré: A, T, G àti C. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀, tí ó pàṣẹ ohun kan pàtó tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe, ni a ń pè ní apilẹ̀ àbùdá, tàbí àbùdá ní kúkúrú.

Ní ọdún 1986, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Japan ka ìwé ààrò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀kan ka ti tábà, èkejì ka ti ewéko kékeré kan tí ń hù níbi tútù, tí a ń pè ní Marchantia. Ti tábà jẹ́ nǹkan bí lẹ́tà 156,000. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí ojú ewé rẹ̀ gba lẹ́tà 2,000, kò ní ju ojú ewé 78 lọ, ìwé tí ọmọ kíláàsì kejì lè gbé dání pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ẹ fi wé ìwé tí ó wà nínú kókó sẹ́ẹ̀lì: ti ìrẹsì, tí kò tilẹ̀ gùn bí ti àwọn irúgbìn mìíràn, tó nǹkan bí 400,000,000 lẹ́tà. Àbùdá inú ààrò kò ju nǹkan bí 100 sí 130 lọ. Nínú wọn, nǹkan bí 80 ni ó ń pàṣẹ bí a ó ṣe mọ purotéènì, èyí tí í ṣe irinṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ sì ni irinṣẹ́ tí ààrò nílò lé ní 2,000. Níbo ni ó ti ń rí ìyókù?

Inú kókó sẹ́ẹ̀lì ni. Láyé àtijọ́, ó ti lé ní 1,000,000,000 ọdún, ààrò kì í ṣe ara igi rárá. Ẹ̀dá wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ni, tí ń dá gbé inú omi, tí ó sì ń dá oúnjẹ rẹ̀ sè. Àwọn ìbátan rẹ̀, cyanobacteria, ṣì wà nínú adágún omi títí di òní. Sẹ́ẹ̀lì kan gbé e mì, kò sì dà á. Wọ́n wá jọ ń gbé pọ̀. Konstantin Mereschkowsky, ará Rọ́ṣíà, ni ó kọ èyí sílẹ̀ ní ọdún 1905, àwọn ènìyàn sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Lynn Margulis, obìnrin ará Amẹ́ríkà, tún gbé e dìde ní ọdún 1967, lónìí kò sí onímọ̀ tí ó ń jiyàn rẹ̀ mọ́. Bí ìyàwó bá pẹ́ nílé ọkọ, ẹrù rẹ̀ a máa kúrò ní yàrá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a di ti gbogbo ilé. Báyìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbùdá ààrò ṣe kó lọ sínú kókó sẹ́ẹ̀lì, tí ó fi ku ìwọ̀nba díẹ̀ sí ọwọ́ ààrò fúnra rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí àgbàdo àfín lóko, a kò lè kù gìrì sọ pé àbùdá ààrò ni ó bàjẹ́. Ó lè jẹ́ ti kókó sẹ́ẹ̀lì, tí baba àti ìyá jọ fi sílẹ̀. Àfi kí a ṣe bí Correns ti ṣe, kí a pààrọ̀ baba àti ìyá.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ purotéènì kan ṣoṣo wò, kí ẹ lè mọ bí àjọṣe yìí ti rí. Rubisco ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó ń di carbon dioxide mú tí ó ń fi í sínú ìkòkò. Òun ni purotéènì tí ó pọ̀ jù lọ lórí ilẹ̀ ayé, ó sì yẹ kí ó pọ̀, nítorí pé ọ̀lẹ ni: ẹ̀ẹ̀mẹta péré, tàbí díẹ̀ sí i, ni ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí àwọn irinṣẹ́ mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì ń ṣe é nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Rubisco inú ewé ní apá ńlá 8 àti apá kékeré 8. Àbùdá inú ààrò ni ó ń pàṣẹ apá ńlá. Àbùdá inú kókó ni ó ń pàṣẹ apá kékeré. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà dí àbùdá apá kékeré lọ́wọ́ nínú tábà. Wọn kò fọwọ́ kan àbùdá inú ààrò, síbẹ̀ apá ńlá náà dínkù bí apá kékeré ti dínkù. Ó dà bí ẹni pé ààrò gbọ́ pé ẹnìkejì òun kò wá sí oko, òun náà sì gbé ọkọ́ kalẹ̀.

Àwọn tí ń wá ọ̀nà láti mú kí irè oko pọ̀ sí i kò jẹ́ kí Rubisco sinmi. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ láti Cornell ní Amẹ́ríkà àti Rothamsted ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ àbùdá apá ńlá kúrò nínú ààrò tábà, wọ́n sì fi ti cyanobacteria, tí ó yára jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀. Tábà náà yè. Ó ń se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ tí a ti fi carbon dioxide kún gan-an ni ó ti lè dàgbà, nítorí pé irinṣẹ́ titun náà yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ carbon dioxide dì mú bí ti àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀, bóyá fún ẹnìkan nínú yín.

Igi tí kò bá sì lo ààrò rẹ̀ ńkọ́? Ewéko kan wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, Epifagus ni orúkọ rẹ̀, tí ń gbé ẹnu sí gbòǹgbò igi beech, tí ó ń jẹ nínú oúnjẹ olóúnjẹ. Kò ní àwọ̀ ewé rárá. Nígbà tí a ka ìwé ààrò rẹ̀ tán ní ọdún 1992, lẹ́tà 70,000 ó lé díẹ̀ ni a bá níbẹ̀, àbùdá 42 péré; gbogbo àwọn tí ó jẹ mọ́ sísè oúnjẹ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ti ṣègbé. Àpà ọmọ ni, ó ti ta ogún ìyá rẹ̀.

Èyí tí ó wù mí jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí ni ti tẹ̀tẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọbẹ̀ ni à ń fi í rò. Ní oko àgbàdo Amẹ́ríkà, èpò ni wọ́n kà á sí. Láti ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n oògùn apakoríko tí a ń pè ní atrazine àti àwọn ìbátan rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa náà lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn náà ń pa èpò, kò sì ń pa àgbàdo, nítorí pé àgbàdo ní ọgbọ́n tí ó fi ń ba májèlé náà jẹ́ kí ó tó dé inú ààrò rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ti ń pani. Nígbà tí a bá ń mọ ilé alámọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a tò sí ìlà. Ẹni ìsàlẹ̀ a ju ìṣù amọ̀ sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà lórí ògiri. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni agbára oòrùn ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú ààrò ewé. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà lórí ìlà yìí ni purotéènì tí a ń pè ní D1. Àbùdá inú ààrò ni ó ń pàṣẹ rẹ̀, àbùdá náà kì í sì í sinmi, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa jẹ D1 run, ààrò a sì máa mọ òmíràn dípò rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Atrazine a wá jókòó sí ibi tí D1 ti ń na ìṣù sí ẹnìkejì rẹ̀. Ìlà dúró. Ṣùgbọ́n oòrùn kò dúró; ó ń ju ìṣù sí wọn síbẹ̀síbẹ̀, títí agbára tí kò rí ibi lọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ba ewé fúnra rẹ̀ jẹ́. Ewé a pọ́n, a rọ, a gbẹ. Ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó bọ́ ọ ni ó pa á.

Ní ọdún 1968, nínú ọgbà kan ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí a ti ń fọ́n irú oògùn yìí lọ́dọọdún fún nǹkan bí ọdún 10, a rí èpò kan tí a ń pè ní groundsel tí ó kọ̀ láti kú. Kò pẹ́ tí tẹ̀tẹ̀ náà fi kọ̀. Ní ọdún 1983, Joseph Hirschberg àti Lee McIntosh ní Michigan mú tẹ̀tẹ̀ tí ó ń kú àti tẹ̀tẹ̀ tí ó kọ̀ láti kú, irú èyí tí a ń pè ní Amaranthus hybridus, wọ́n sì fi àbùdá D1 wọn wé ara wọn. Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ náà wá jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, A tí ó di G. Lẹ́tà kan yìí yí àga tí atrazine ń jókòó lé padà díẹ̀, oògùn náà kò sì rí ibi jókòó mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni. Àga tí ó lé ọ̀tá ti ni ọ̀rẹ́ náà ń jókòó lé, kò sì rọrùn fún un bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìṣù ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò, níbi tí a kò bá ti fọ́n oògùn, tẹ̀tẹ̀ tí ó ní lẹ́tà titun yìí a máa kéré ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, irúgbìn rẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó tiwọn. Níbi tí a bá ti fọ́n oògùn lọ́dọọdún, òun nìkan ni ó ń kù.

Nítorí pé ogún ìyá ni, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri kì í sọ tẹ̀tẹ̀ oko ẹlòmíràn di alágídí. Irúgbìn rẹ̀ nìkan ni ó lè ṣe é. Dúdú ni, ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ oníkókó lọ, igi kan sì lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ katakata sì tó láti gbé e dé oko kejì.